Akọka Ni Mò Ń Lọ

Nígbà tí Sunny Adé kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama láyé ọjọ́un, ohun tó sọ fún àwọn ará ilé ni pé Yunifásítì Èkó lòun ń lọ. Ọdún 1962 ni yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ṣì tuntun lẹ́nu àwọn èèyàn, ó sì níyì tó láti fi bo ọ̀rọ̀ orin mọ́lẹ̀. Sunny dé Èkó lóòótọ́, àmọ́ kò yà sí ọgbà yunifásítì. Ọ̀dọ̀ Moses Ọláìyá ló gbà lọ, Bàbá Sàlá apanilẹ́rìn-ín tí gbogbo wa mọ̀ yìí, tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ olórin háíláìfù ló ń darí nígbà yẹn. Abẹ́ rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Green Spots, sílẹ̀ nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ.

Lónìí, bí ọmọ bá fẹ́ kọrin, tó sì sọ fún bàbá rẹ̀ pé Akọka, níbi tí Yunifásítì Èkó wà, lòun ń lọ, ó lè má purọ́. Ẹ̀ka Creative Arts wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ orin, tíátà, àwòrán yíyà àti ère. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń kà á, dìgírì ni wọ́n sì ń gbà jáde bíi ti ẹni tó ka òfin. Sunny Adé fúnra rẹ̀, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n àlejò nínú ẹ̀kọ́ orin. Ó yẹ ká dúpẹ́, èmi náà sì ń dúpẹ́. Àmọ́ bí mo bá ro bí àwọn tó ṣáájú ṣe kọ́ iṣẹ́ yìí ní Yábà, Sùúrùlérè àti Múṣín, tí mo tún wo bí àwọn ọmọ wa ṣe ń kọ́ ọ báyìí, ọkàn mi kì í balẹ̀. A rí ìwé ẹ̀rí gbà, a sì sọ ọ̀gá nù.

Ẹni tí kò gbé ìgbà yẹn lè rò pé àsọdùn ni ohun tí àwọn àgbà ń sọ nípa bí òbí ṣe ń kọ̀ kí ọmọ ṣe iṣẹ́ ọnà. Ilé tó bá ní ọmọ tó mọ̀wé, dókítà, lọ́ọ́yà tàbí ẹnjinníà ni wọ́n ń retí. Felá, ọmọ àlùfáà tó tún jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ìṣègùn ni wọ́n rán an lọ kà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1958. Orin ló lọ kọ́, ní Trinity College of Music. Felá sì rí ẹni rán an lọ Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ìyá oníṣòwò ní Ìdí-Òro kò rí. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ní tíátà lòun fẹ́ ṣe, wọ́n á bi í bóyá alágbe ló fẹ́ dà, ìyá rẹ̀ á sì máa wá àwọn àgbà tó lè bá òun bẹ̀ ẹ́. Bó bá wá jẹ́ obìnrin ni, orúkọ tí wọ́n máa sọ ọ́ kò ṣeé kọ síbí.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ta kú, ilé-ẹ̀kọ́ wà fún un, bí kò tilẹ̀ ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Hubert Ògúndé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1940 kó lè fi tíátà jẹun. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ tíátà aláàrìnká kọ̀ọ̀kan tó dìde lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé ìwé. Ọmọ ẹgbẹ́ kì í ti orí ìtàgé bẹ̀rẹ̀. Ìdí mọ́tò ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Yóò já ẹrù, yóò lẹ pósítà mọ́ ògiri, yóò bá wọn fi gbohùngbohùn kéde eré káàkiri ìlú lọ́sàn-án, yóò gbá gbọ̀ngàn, yóò lọ aṣọ eré. Bó bá di alẹ́, yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé, yóò máa wo àwọn àgbà. Kò sí ìwé eré tó máa gbé lọ sílé lọ há sórí. Ẹnu ọ̀gá ni ìwé. Lọ́jọ́ tí ara òṣèré kan kò bá yá, ọ̀gá á wò yíká, á nawọ́ sí i pé, "Ìwọ, bọ́ síta." Ìdánwò rẹ̀ nìyẹn, níwájú àwọn tó sanwó wọlé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún onílù. Ọmọ Àyàn á ti gúdúgúdú bẹ̀rẹ̀, á bọ́ sórí omele, ọ̀pọ̀ ọdún sì lè kọjá kí wọ́n tó fi ìyáàlù kọ́ ọ léjìká.

Èyí tí mo fojú ara mi rí jù ni ti àwọn akọ̀wé pátákó. Ọ̀gá kan wà lẹ́bàá ọ̀nà Agége Motor Road, níhà Múṣín, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́ páànù láti òkè dé ilẹ̀. Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kẹrosíìnì ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé fún un, kó máa fi fọ búrọ́ọ̀ṣì. Irun búrọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n rà á. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan òwú. Wọ́n á fi ẹfun pa òwú náà, ọmọ kan á di orí rẹ̀ mú, èkejì á di ìdí rẹ̀ mú, wọ́n á nà án tantan lójú pátákó. Ọ̀gá á fi ìka méjì fà á sókè, á jọ̀wọ́ rẹ̀, "pá!" Ìlà funfun kan á là gbọọrọ láti etí kan dé èkejì. Orí ìlà yẹn ni lẹ́tà máa jókòó lé. Lẹ́tà O ló sì máa ń dá wọn lágara jù, nítorí ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń yí ọwọ́ kọ ọ́, kò gba àtúnṣe. Ẹ̀yìn pátákó àtijọ́ ni ọmọ á ti máa kọ O, O, O, ọ̀gá á sì máa bá a wí bó ti ń kọjá. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá á kọjá, kò ní sọ nǹkan kan. Bí ọ̀gá bá ti dákẹ́, ó ti dára nìyẹn.

Tí ọdún bá pé, wọ́n á ṣe fríídọ̀ọ̀mù fún un: ìrẹsì àti ẹran, àdúrà àwọn àgbà, ìwé tí ọ̀gá fọwọ́ sí. Ìwé náà kò níyì ní báǹkì, ìjọba kò sì mọ̀ ọ́n. Àmọ́ gbogbo Múṣín ló mọ ẹni tó fọwọ́ sí i, wọ́n sì mọ ohun tí ọwọ́ ọmọ náà lè ṣe.

N kò ní sọ pé kò sí ìyà níbẹ̀. Ọ̀gá mìíràn kò ní tú ọmọ sílẹ̀ nígbà tó yẹ. Òmíràn á gba iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ, á fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ olórin ló kọrin títí, tí kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́ kankan lórí orin òun, tó kú sínú òṣì nígbà tí ẹlòmíràn ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀. Ọmọ tó ń ka Creative Arts lónìí ń gbọ́ nípa òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà nínú kíláàsì. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga àtijọ́ jìnnà sí ọ̀gá. Ọdún 1947 ni wọ́n dá Yábà Tech sílẹ̀, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà fi fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Yusuf Grillo, ọmọ Èkó pọ́nńbélé tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Zaria, darí ẹ̀ka náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbogbo ẹni tó mọ àwòrán rẹ̀ ló mọ àwọ̀ búlúù rẹ̀. Mùsùlùmí ni, gíláàsì aláwọ̀ tó ṣe sì wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ń kọ́ni ló ń ṣe iṣẹ́ náà, àwọn ọmọ sì ń rí i bó ti ń ṣe é.

Nǹkan kan tún wà nínú ètò Yábà Tech tí mo fẹ́ràn gidigidi. Ẹni tó bá parí ọdún méjì àkọ́kọ́ kò lè wọ ìpele kejì, HND, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọdún kan gbáko ni yóò fi lọ ṣiṣẹ́ níta, lọ́dọ̀ ẹni tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun. Ilé Bruce Onobrakpeya ní Papa Àjàó, ní Múṣín níbí, wà lára ibi tí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà ti ń forí lé láti wá wo bí wọ́n ṣe ń tẹ àwòrán. Múṣín tí àwọn èèyàn ń fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù ba ọmọ, inú rẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn tó mọ àwòrán títẹ̀ jù ní Áfíríkà kọ́ sítúdíò sí.

Ní Akọka pàápàá, nígbà tí Centre for Cultural Studies wà, Abáyọ̀mí Barber wà níbẹ̀. Ọmọ Ifẹ̀ ni. Ó ti gbé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti bá Oscar Nemon tó mọ ère Churchill ṣiṣẹ́. Nígbà tó padà sílé ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kóra jọ tì í nínú sítúdíò yunifásítì, ó ń kọ́ wọn bí ojú ṣe gbọ́dọ̀ wo nǹkan kí ọwọ́ tó yà á. Kì í ṣe dìgírì ni wọ́n wá gbà lọ́dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n wá kọ́. Títí dòní, Barber School ni àwọn tó mọ ìtàn iṣẹ́ ọnà wa ń pe àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Ayọ̀ Bánkọ́lé náà kọ́ni lórin ní Akọka kí wọ́n tó pa á lọ́dún 1976, ikú tó dun gbogbo onídùùrù orílẹ̀-èdè yìí. Yunifásítì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá jókòó sínú rẹ̀.

Ìgànmú tún wà nítòsí. Ọdún 1976 ni wọ́n ṣí National Theatre, nítorí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀ tó wáyé ní oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ọdún 1977. Gbọ̀ngàn ńlá inú rẹ̀ gba èèyàn 5,000. Láyé ìgbà náà, lásìkò ọdún Àjíǹde tàbí Iléyá, tí fíìmù Yorùbá bá wà níbẹ̀, èèyàn á kún débi pé ojú ọ̀nà á dí. Ọmọ ilé-ìwé tó ń kọ́ tíátà ní Akọka wọ mọ́tò lẹ́ẹ̀kan, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì, ó ti dé ibi tí yóò ti rí ohun tí wọ́n kọ́ ọ lówùúrọ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọnà kọ́ abúlé tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, tí wọ́n ti ń gbé, tí wọ́n ti ń jó, tí wọ́n ti ń dánrawò. Oṣù Kìíní ọdún 2016 ni wọ́n wó o. Ilé ńlá náà fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́ kí wọ́n tó tì í fún àtúnṣe. Wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè é lọ́dún 2024, wọ́n sì tún un ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ó rẹwà. Abúlé tí wọ́n wó nìkan ni n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Láàárín ìgbà tí wọ́n ṣí ilé náà àti ìgbà tí wọ́n tún un ṣí ni Wizkid olórin ti dàgbà ní Òjúẹlẹ́gbà. Sítúdíò OJB Jezreel ní Sùúrùlérè ni ọmọ náà ń lọ jókòó sí, tó ń wo bí àwọn àgbà bíi 2Baba ṣe ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Ohun tí Sunny Adé ṣe lọ́dọ̀ Bàbá Sàlá ni òun náà ṣe, ọdún ló yàtọ̀. OJB kú lọ́dún 2016. Bí a bá ń ka àwọn ilé-ẹ̀kọ́ orin tó wà ní Mainland rí, ó yẹ kí á ka sítúdíò yẹn mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ ti yí padà báyìí. Davido tí òun náà jẹ́ olórin ka orin ní Yunifásítì Babcock, ó gba dìgírì lọ́dún 2015, bàbá rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún 2023 ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ mínísítà sílẹ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ ọnà, àṣà àti ọrọ̀ ajé inú wọn. Àwọn òbí tó ń sunkún láyé ọjọ́un, àwọn ọmọ wọn ló ń bá ọmọ tiwọn wá fọ́ọ̀mù JAMB kiri báyìí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó ka tíátà ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì wa, inú gbogbo ẹbí ló sì dùn. Kóòsì kan wà tó jẹ́ ti iná orí ìtàgé. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ kóòsì náà dé òpin, ara bọ́ọ̀dù ni olùkọ́ ń ya iná sí: ibi tí gílóòbù máa wà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ á gbà jáde, bí igun rẹ̀ ṣe máa rí lójú òṣèré. Wọn kò gbé iná kan ṣoṣo wọ kíláàsì. Ó há a sórí, ó kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò, ó sì gba A. Kì í ṣe ẹjọ́ olùkọ́ náà. Kò ní iná tó máa gbé wá. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ lọ́dún 2022, láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹwàá, ó lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń tan iná sí gbọ̀ngàn ìgbéyàwó ní Sùúrùlérè. Ẹni tó ń kọ́ ọ níbẹ̀ kò ka ìwé kọjá girama. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ mọ̀ bóyá iná ti gbóná jù, bí wọ́n ṣe ń wá àyè tí ojú ìyàwó á fi hàn dáadáa nínú fọ́tò, bí wọ́n ṣe ń ká wáyà kó má baà já. Ó ní lálẹ́ ọjọ́ tí òun dá tan iná gbọ̀ngàn kan fúnra òun ni òun tó wá mọ ohun tí olùkọ́ ń yà sára bọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé bọ́ọ̀dù àti gbọ̀ngàn wúlò fún ara wọn. Àwọn akẹgbẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní Sùúrùlérè kò mọ ìdí tí ìmọ́lẹ̀ fi ń ṣe ohun tó ń ṣe. Ọmọ náà ló padà ń ṣàlàyé fún wọn. Àmọ́ nínú èsì ìdánwò rẹ̀, oṣù mẹ́jọ tó fi kọ́ṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Ohun tí ìwé sọ ni pé wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, kò sí ẹ̀kọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni owó ń gòkè. Lọ́dún 2023, owó tí ọmọ ń san ní Akọka kúrò ní nǹkan bíi 19,000 náírà, ó kọjá 100,000 náírà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ọmọ tó ń ka iṣẹ́ ọnà ṣì máa ra ọ̀dà, ra kánfáàsì, tàbí kó wọ ọjà Yábà lọ ṣa aṣọ òkìríká tó máa fi ṣe aṣọ eré. Lálẹ́, tí iná bá wà, ó ń fi fóònù ya lógò fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń to fídíò ọjọ́ ìbí fún àwọn oníbàárà kó lè ra dátà. Orí fóònù náà ló ti ń kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan, lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n mọṣẹ́, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú fóònù kò lè kọjá lẹ́yìn ọmọ kó rí i pé O rẹ̀ wọ́.

Ọ̀gá tó ń kọ pátákó ní Múṣín kò kọ ọ́ mọ́. Ẹ̀rọ ló ń tẹ flex, kò gbà ju wákàtí díẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀ ló wà nídìí kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. N kò rí òwú alẹ́fun níbẹ̀ mọ́.

Ohun tó tún ń dùn mí ni ti àwọn ọmọ Yábà Tech. Àwọn tó lo odindi ọdún kan lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọjọ́ ti pẹ́ tí ìjọba ti ń fi wọ́n sí ìpele tó rẹlẹ̀ ju ti ẹni tó ní dìgírì lọ tí wọ́n bá gbà wọ́n síṣẹ́. Ọwọ́ tó ti ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí ìyẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ì bá lọ Yábà Tech ló ń fi ọdún mẹ́ta, mẹ́rin ṣe JAMB kí wọ́n má baà gba HND.

Àwọn kan ti fi hàn pé a lè so ìwé àti ọ̀gá pọ̀. Ṣẹ́gun Adéfilà kẹ́kọ̀ọ́ ní Akọka, lọ́dún 1996 ló sì dá Crown Troupe of Africa sílẹ̀ ní Bárígà, ẹ̀yìn ọgbà yunifásítì náà gan-an. Ọmọ àdúgbò wọlé, kò sí ẹni tó béèrè èsì WAEC lọ́wọ́ rẹ̀. Ijó, ìlù àti eré ni wọ́n ń kọ́ ọ. Bí àwọn ẹgbẹ́ àtijọ́ ṣe ń ṣe é ló ń ṣe é, pẹ̀lú ohun tó kà ní yunifásítì lórí rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo ló ṣe èyí láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka, àṣẹ ti wà lọ́wọ́ yín báyìí. Ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, gbé jáde lọ́dún 2022 fi ìdá 30 nínú 100 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tó bá wù ú kún un. Ẹ fi iṣẹ́ kún un. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ń ka tíátà, orin tàbí àwòrán lo sáà kan lọ́dọ̀ ẹni tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun, ní Múṣín, Ṣómólú, Bárígà tàbí Sùúrùlérè, kí ó sì gba máàkì fún un. Ẹ ránṣẹ́ pe àgbà onílù wá sí kíláàsì kí ó wá kọ́ni, láìbéèrè sátífíkéètì lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá sì kọ́ni tán, ẹ sanwó fún un bí ẹ ṣe ń sanwó fún olùkọ́ tó ní dìgírì.